Páàkì tí wọ́n ń fi kọ́kọ́rọ́ ṣí: ta ló yẹ kó wọlé?

ỌmọPópóỌba · Ajé, 9:12 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́ nílé lóko. Ọ̀rọ̀ kan ti ń yí mi nínú láti àná, mo ní kí n gbé e wá síwájú yín.

Àbúrò mi obìnrin wà ní New York. Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ló ń ṣe. Ìyá arúgbó kan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́: á wẹ̀ fún un, á fún un lóògùn, bí oòrùn bá yọ á gbé e sórí kẹ̀kẹ́, á tì í jáde. Ilé ìyá yìí dojú kọ ọgbà kan tí wọ́n ń pè ní Gramercy Park. Ọgbà náà ò tóbi, bí éékà méjì ni, ṣùgbọ́n irin ni wọ́n fi yí i po, gééti rẹ̀ sì máa ń wà ní títì tọ̀sán-tòru. Àwọn tí ilé wọn yí ọgbà náà ká ló ní kọ́kọ́rọ́. Ìyá arúgbó ní tiẹ̀, nítorí náà òun àti àbúrò mi á jọ wọlé, wọ́n á jókòó lábẹ́ igi, wọ́n á máa wo ọ̀kẹ́rẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ìyá náà wá wò ó. Ó ní kí àbúrò mi lọ gba atẹ́gùn fún wákàtí kan. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló gbé e dé ẹnu gééti, kó tó rántí pé kọ́kọ́rọ́ ò sí lọ́wọ́ òun. Ó di irin mú bí ẹni tó wá bẹ ará ẹ̀wọ̀n wò. Ó pè mí, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, bẹ́ǹṣì tí mo máa ń nu ìgbẹ́ ẹyẹ kúrò lórí ẹ̀ kí màmá tó jókòó, òun ni mò ń wò láti ìta yìí.”

Mo rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́. Lẹ́yìn náà mi ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ìdí ni pé olùkọ́ ni mí. Ilẹ̀ kan wà lọ́nà ilé ìwé wa tí àwọn ọmọ ti máa ń gbá bọ́ọ̀lù kí n tó dé ibẹ̀. Ẹ́sítéètì kan ra gbogbo àyíká, wọ́n mọ fẹ́ǹsì, wọ́n gbin koríko, wọ́n gbé jangirọ́fà sí i, wọ́n sì kọ ọ́ sára gééti pé àwọn tó ń gbé inú ẹ́sítéètì nìkan ló wà fún. Ọmọ kíláàsì mi kan bi mí ní Ọjọ́bọ̀: “Àǹtí, ṣé a lè wọ ibẹ̀ tí a bá fọ ẹsẹ̀ wa?” Mi ò mọ èsì tí mo máa fún un. Ẹ bá mi dá sí i.

Awakọ̀Ìtòìkín · Ajé, 9:20 alẹ́

Nígbà tí mo rí “páàkì” lókè, ọ̀rọ̀ gáréèjì ni mo rò. Mo ti ń múra láti sọ fún yín pé páàkì tiwa ò ní kọ́kọ́rọ́, agbèrò ni kọ́kọ́rọ́. Ẹ san owó, ẹ wọlé. Ẹ ò san, ẹ máa gbé èrò yín lójú títì, kí wọ́n gba wáípà yín lọ.

ỌmọPópóỌba · Ajé, 9:31 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín. Páàkì oníkoríko ni mò ń sọ. Àmọ́ ẹ ò kúkú jìnnà sí ọ̀rọ̀ náà.

ỌmọẸ̀pẹ́Lọ́ńdọ̀nù · Ajé, 10:05 alẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Kì í ṣe New York nìkan o. Ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, irú rẹ̀ pọ̀ lọ jàra, pàápàá ní Kensington, Notting Hill àti Belgravia. Ilé ńláńlá á tò yí ká, ọgbà á wà láàárín, irin á yí i po. Àwọn onílé á máa san owó ìtọ́jú lọ́dọọdún, wọ́n á sì gba kọ́kọ́rọ́. Òfin kan wà láti ọdún 1931 tó dáàbò bo àwọn ọgbà wọ̀nyí, ó lé ní 460 tó wà lábẹ́ rẹ̀, pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ kọ́lé sórí wọn. Òfin dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: ó ní kí ọgbà máa jẹ́ ọgbà, kò ní kí èmi àti ẹ̀yin máa wọ inú rẹ̀.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti Ogun Àgbáyé Kejì. Ìjọba gé irin tó yí púpọ̀ nínú wọn ká, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi rọ nǹkan ìjà. Bí irin ṣe kúrò ni àwọn tí kò wọ ibẹ̀ rí láyé wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gba inú rẹ̀ kọjá, tí ọmọ wọn ń ṣeré níbẹ̀. Ogun parí, ó ṣe díẹ̀, irin padà.

Nínú oṣù kẹfà ọdọọdún, òpin ọ̀sẹ̀ kan wà tí púpọ̀ nínú wọn máa ń ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó bá ra tíkẹ́ẹ̀tì. Èmi náà ra lẹ́ẹ̀kan. Koríko ni mo rí. Koríko tó dára ni o, ṣùgbọ́n koríko ni.

OníléOdòmọlà · Ìṣẹ́gun, 6:48 àárọ̀

Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń sanwó náà sọ tiẹ̀.

Inú ẹ́sítéètì ni mò ń gbé, mi ò ní sọ èwo. Ọdún mẹ́rin ni mo fi san owó ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìjọba ò fún wa ní títì, a ṣe é fúnra wa. A gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, a ra tiransifọ́mà. Nígbà tí a dáwó páàkì, a kọ́kọ́ fi í sílẹ̀ gbayawu. Ọ̀sẹ̀ méjì péré, jangirọ́fà ti já. Ewúrẹ́ jẹ òdòdó tán. Àwọn ọ̀dọ́ kan sọ abẹ́ igi di ibi tí wọ́n ti ń mu igbó lálẹ́. Nígbà tí a tì í, kò sí ẹni tó bi wá pé eélòó ni a ná. Wọ́n kàn ní a ti ya olówó.

Bí mo bá gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sẹ́yìnkùlé mi, ṣé àdúgbò ló máa bẹ́ ẹ ni?

Ẹ sì yé sọ ọ́ bí ẹni pé òyìnbó ló kọ́ wa ní ọgbà mímọ. Ẹrẹ̀dò tí wọ́n ní Sùngbọ́ gbẹ́ wà lẹ́yìnkùlé wa níbí, yàrà tó gùn tó nǹkan bíi 160 kìlómítà. Kí ni wọ́n gbẹ́ ẹ fún, bí kì í ṣe kí ẹni ìta má baà ráyè wọlé?

Awakọ̀Ìtòìkín · Ìṣẹ́gun, 7:02 àárọ̀

Ewúrẹ́ ò mọ̀wé. Ẹ bá a kọ ọ́ sára gééti ní Yorùbá.

Sọ́véyọ̀Àgbà · Ìṣẹ́gun, 11:40 àárọ̀

Ọ̀gá Onílé, Ẹrẹ̀dò yí odindi ilẹ̀ ọba ká, àti ìwọ̀fà, àti ọmọ ọba, inú ẹ̀ ni gbogbo wọn wà. Kò yí jangirọ́fà ẹnì kankan ká. Ẹ jẹ́ ká fi Sùngbọ́ sílẹ̀.

Iṣẹ́ ilẹ̀ ni mo ṣe jẹun fún ọgbọ̀n ọdún ó lé, mo sì fẹ́ ṣàlàyé nǹkan kan tí àwọn tó ń ra ilẹ̀ ní apá ibí kì í béèrè. Bí a bá gé ilẹ̀ ńlá sí pulọ́ọ̀tì, léáòtì, ìyẹn àwòrán bí a ṣe pín ilẹ̀ náà, gbọ́dọ̀ fi ààyè sílẹ̀: títì, gọ́tà, ilé ìwé nígbà míràn, àti ààyè tí ẹnikẹ́ni ò ní kọ́lé sí. Ààyè yẹn ni wọ́n máa ń kùn ní àwọ̀ ewé lórí pépà. Ó máa ń dára lójú tí ẹ bá rí i nínú fọ́tò tí wọ́n fi ń polówó. Ọ̀pọ̀ ẹ́sítéètì ni mo ti rí tí àwọ̀ ewé yẹn di “fáàsì méjì” lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, tí wọ́n gé e sí pulọ́ọ̀tì, tí wọ́n tà á. Nítorí náà, kí ẹ tó bínú sí àwọn tó ti páàkì wọn pa, ẹ mọ̀ pé àwọn yẹn tiẹ̀ ní páàkì. Ẹlòmíràn sanwó rẹ̀, ilé aládùúgbò ló ń wò lórí ẹ̀ báyìí.

Ìkejì: ta ló ni ilẹ̀? Láti ìgbà tí òfin ilẹ̀ ti jáde lọ́dún 1978, ọwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà, pé kó dì í mú fún ire gbogbo ará ìlú. Ẹbí tó ń ta ilẹ̀ fún yín, ìwọ̀nba tí ìjọba yọ sílẹ̀ fún wọn tó sì wọ gásẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ìwé ìkéde ìjọba, ni ti wọn. Wọ́n á sọ fún yín pé títí dé etí ọ̀sà ni. Ẹ lọ wo gásẹ́ẹ̀tì.

Ìkẹta, mo fẹ́ sọ ọ́ kí n má gbàgbé: kò sí ilẹ̀ òfìfo. Ogún ọdún ni mo fi rìn igbó Ẹ̀pẹ́ pẹ̀lú àdá àti ṣéènì, mi ò débi tí ẹsẹ̀ ẹnì kan ò ti là á rí. Bí kì í ṣe ojú ọ̀nà odò, á jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń já ewé. Bí a bá yà á sórí pépà, ojú ọ̀nà yẹn kì í hàn. Èmi náà ti yà á bẹ́ẹ̀ rí, kí Ọlọ́run dárí jì mí.

ÌyáẸlẹ́ja · Ìṣẹ́gun, 4:15 ìrọ̀lẹ́

Ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́, ẹ má wo ojú mi.

Ọjà Olúwo ni mo ti ń ta ẹja, ọkọ mi sì ń dẹ odò. Ibi tí bàbá ọkọ mi ti máa ń so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́, igi àgbọn méjì ló wà níbẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́, iyanrìn ni. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sá àwọ̀n, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tún un ṣe tó bá ya. Àwọ̀n kì í ṣe nǹkan tí èèyàn ń tún ṣe nínú yàrá. Ó gba ilẹ̀ gbọọrọ. Wọ́n á na án láti ìhín dé ọ̀hún, ọkùnrin mẹ́ta mẹ́rin á jókòó tì í, abẹ́rẹ́ onígi á wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n á máa sọ̀rọ̀. Níbẹ̀ ni ọkọ mi ti gbọ́ ọ̀rọ̀ mi lẹ́nu ẹ̀gbọ́n mi kó tó wá fẹ́ mi.

Nígbà tí ẹ́sítéètì dé, wọn ò lé wa. Kò sí ẹni tó wá pẹ̀lú ọlọ́pàá. Wọ́n kàn mọ fẹ́ǹsì wá láti òkè títí wọ inú omi, wọ́n ní páàkì etí odò ni àwọn fẹ́ ṣe. Báyìí, igi àgbọn méjèèjì ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n kùn wọ́n ní ọ̀dà funfun nísàlẹ̀. Wọ́n gbé àga sí abẹ́ wọn. Mo ń rí i láti orí ọkọ̀.

Ojú títì ni ọkọ mi ti ń tún àwọ̀n ṣe báyìí. Ọ̀kadà gun orí ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀gá Onílé, mo gbọ́ ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ yín. Ẹ̀yin lẹ gbìn ín. Àgbọn yẹn ńkọ́?

(Èmi ọmọ wọn ni mò ń sọ báyìí: màmá mi ò bínú o, bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn.)

ỌmọÀgbádárìgì · Ìṣẹ́gun, 4:50 ìrọ̀lẹ́

Ọ̀rọ̀ yín jọ tiwa. Ní etí òkun, níbi tí èmi ti kọ́ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ ní kékeré, okùn ni wọ́n ta báyìí, ọ̀dọ́ kan jókòó pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì. Mo ní ọmọ ibí ni mí. Ó ní ọmọ ibí náà ń sanwó.

ỌmọPópóỌba · Ìṣẹ́gun, 8:33 alẹ́

Ìyá wa, ẹ kú ìfaradà o. Mo ka ọ̀rọ̀ yín fún àbúrò mi lórí fóònù, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

Òun náà ti wá bẹ̀rẹ̀ sí í tọpinpin ọgbà ọ̀hún. Ó ní ọdọọdún ni wọ́n máa ń pààrọ̀ àgádágodo, tí kọ́kọ́rọ́ tàná á di irin lásán. Ó ní wọ́n kọ nọ́ńbà sára kọ̀ọ̀kan, lọ́dún 2012 ẹni tó bá sọ tiẹ̀ nù ń san 1,000 dọ́là kó tó gba òmíràn. Lọ́dún yẹn náà tí ìwé ìròyìn kan ka gbogbo kọ́kọ́rọ́ tó wà, 383 ni, nínú ìlú tí èèyàn inú ẹ̀ lé ní mílíọ̀nù mẹ́jọ. Wákàtí kan wà lálẹ́ tó ṣáájú Kérésì tí wọ́n máa ń ṣí gééti kí ẹnikẹ́ni wọlé wá kọ orin. Wákàtí kan o.

Ohun tó yà á lẹ́nu ju gbogbo ẹ̀ lọ ni pé ọgbà náà máa ń dá. Kò sí bọ́ọ̀lù gbígbá, kò sí kẹ̀kẹ́ gígùn, ajá ò gbọ́dọ̀ wọlé, ẹ ò gbọ́dọ̀ fún ẹyẹ lóúnjẹ. Àwọn tó ní kọ́kọ́rọ́ gan-an, ó ní ọ̀pọ̀ wọn kì í yọjú. Òun àti ìyá arúgbó àti àwọn tó ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n sábà máa ń wà níbẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, àwa òṣìṣẹ́ là ń jókòó ní páàkì olówó.”

Akẹ́kọ̀ọ́Ìtàn · Ọjọ́rú, 1:10 ọ̀sán

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná. Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn díẹ̀ kún un, torí mo rò pé ìtàn náà á yí ẹjọ́ yìí padà.

Ọkùnrin tó ṣe Gramercy Park ń jẹ́ Samuel Ruggles. Oko àti irà ló rà. Irà gan-an ló wà nínú orúkọ náà, èdè àwọn ará Dọ́ọ̀ṣì tó kọ́kọ́ tẹ̀ dó síbẹ̀ ló ti wá. Ó fa omi irà gbẹ, ó gé pulọ́ọ̀tì 60 yí ọgbà ká, ó sì fi ìwé àdéhùn ọdún 1831 fi ọgbà náà sọ́wọ́ àwọn tó bá ra àwọn pulọ́ọ̀tì yẹn. Ọgbọ́n ọjà ni: ẹni tó bá mọ̀ pé ọgbà máa wà níwájú ilé òun títí láé á san owó tó pọ̀. Ẹ́sítéètì wa ò tíì dé nígbà náà, ṣùgbọ́n ẹ ò rí i pé ìpolówó kan náà ni?

Ohun tí Ọ̀gá Onílé máa fẹ́ gbọ́ ni pé owó àwọn onílé náà ló ń tọ́jú rẹ̀ títí di òní. Ohun tí wọn ò ní fẹ́ gbọ́ ni pé lọ́dún 1832, ìjọba ìlú gbà pé kí ọgbà náà má san owó orí. Ẹni tí kò lè wọlé náà ti ń bá wọn ru díẹ̀ nínú ẹrù yẹn.

Nísinsìnyí, ẹ gbọ́ òdìkejì. Gbogbo wa ló mọ Central Park, ọgbà New York tó ṣí fún gbogbo ayé, tí kò sí kọ́kọ́rọ́, tí kò sí tíkẹ́ẹ̀tì. Kí wọ́n tó ṣe é, abúlé kan wà lórí apá kan ilẹ̀ náà tó ń jẹ́ Seneca Village. Àwọn aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù níbẹ̀, wọ́n ti ń ra ilẹ̀ síbẹ̀ láti ọdún 1825. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní ilé ìwé. Láyé ìgbà yẹn, ní ìpínlẹ̀ náà, aláwọ̀ dúdú tí kò bá ní ohun ìní kò lè dìbò, nítorí náà ilẹ̀ wọn ni ohùn wọn. Nígbà tó fi máa di 1857, ìjọba ti gba gbogbo rẹ̀. Àwọn tí wọ́n lé kúrò lórí gbogbo ilẹ̀ ọgbà náà tó nǹkan bí 1,600.

Ẹ wá wò ó. Páàkì tí wọ́n tì pa wà lórí irà. Páàkì tó ṣí sílẹ̀ wà lórí ilé àwọn ẹni ẹlẹ́ni. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi kọ́kọ́ ń wo gééti bí mo bá dé páàkì kan. Mo máa ń béèrè ẹni tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní èrò tèmi, ohun tí Ìyá Ẹlẹ́ja sọ lókè yẹn nìyẹn, àwọn fi gbólóhùn méjì sọ ọ́, èmi fi ìwé kan gbáko sọ ọ́.

ỌmọẸ̀pẹ́Lọ́ńdọ̀nù · Ọjọ́rú, 2:25 ọ̀sán

Ẹ fi Dublin kún un. St Stephen’s Green tó wà láàárín ìlú náà, àwọn onílé àyíká rẹ̀ nìkan ló ń wọ ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Arthur Guinness, ọmọ ìdílé àwọn tó ń pọn ọtí dúdú yẹn, ló náwó sí i, ó ti òfin lẹ́yìn nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, wọ́n sì ṣí i fún gbogbo ènìyàn lọ́dún 1880. Nítorí náà, gééti kì í ṣe ara ilẹ̀. Ó ṣeé ṣí.

Awakọ̀Ìtòìkín · Ọjọ́rú, 2:31 ọ̀sán

Mo ti mọ̀ pé ọtí yẹn ní iṣẹ́ rere tó ń ṣe.

OníléOdòmọlà · Ọjọ́rú, 9:07 alẹ́

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Ẹ ti sọ mí di Ruggles.

Ẹ jẹ́ kí n béèrè nǹkan kan. Kòsọ́kọ́, ọba Èkó, gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́ lọ́dún 1851 nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé e kúrò l’Ékòó. Àlejò ni òun àti àwọn èèyàn rẹ̀. Lónìí, àwọn ọmọ wọn ń ṣe ọdún Káyọ̀káyọ̀ láti fi rántí ìgúnlẹ̀ yẹn, kò sí ẹni tó ń pè wọ́n ní àlejò mọ́. Èmi gúnlẹ̀ lọ́dún 2019. Ìgbà wo ni èmi náà máa di ará Ẹ̀pẹ́? Mo ń ra ẹja l’Ólúwo. Ọmọ mi ń lọ sí ilé ìwé níbí. Bí mo bá sọ̀rọ̀ fẹ́ǹsì, wọ́n á ní “àwọn ará ẹ́sítéètì yìí.”

ÌyáẸlẹ́ja · Ọjọ́rú, 9:40 alẹ́

Ẹ ti di ará Ẹ̀pẹ́ láti ọjọ́ tí ẹ ti ń ra ẹja. Ṣùgbọ́n Kòsọ́kọ́ ò gbé gééti wá.

Sọ́véyọ̀Àgbà · Ọjọ́rú, 9:44 alẹ́

😂😂 Màmá, ẹ ṣeun.

AlábòójútóOjúÒpó · Ọjọ́rú, 10:00 alẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹnì kan ti fi orúkọ ẹ́sítéètì kan sílẹ̀ níbí, mo ti yọ ọ́. Ẹ má dárúkọ ẹ́sítéètì tàbí iléeṣẹ́ kankan. Ọ̀rọ̀ ń lọ dáadáa, ẹ má jẹ́ kó di ti lọ́yà.

OníléOdòmọlà · Ọjọ́bọ̀, 6:15 àárọ̀

Ìyá, mo fẹ́ béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ yín, ẹ má bínú. Àgbọn méjì tí wọ́n fi ọ̀dà funfun kùn nísàlẹ̀, ṣé ọ̀kan nínú wọn tẹ̀ sí apá omi bí ẹni tó fẹ́ mu nínú ẹ̀?

ÌyáẸlẹ́ja · Ọjọ́bọ̀, 6:52 àárọ̀

Òun náà ni. Ààrá ló gé e lórí nígbà tí ọkọ mi wà ní kékeré. Ó hù padà, àmọ́ kò dúró ṣánṣán mọ́.

OníléOdòmọlà · Ọjọ́bọ̀, 7:30 àárọ̀

Ibẹ̀ ni mo ti máa ń jókòó ní ìrọ̀lẹ́ Àìkú.

Mi ò mọ̀. Òótọ́ ni mò ń sọ, ẹni tó ta ilẹ̀ fún wa ní igbó ni gbogbo ibẹ̀. Ìpàdé àwọn onílé wà ní Sátidé. Màá gbé e kalẹ̀. Mi ò ṣèlérí kankan, torí àwọn kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé bí ẹ bá ní kí ẹyẹ wọlé, wọ́n á ní kó mú káàdì ìdánimọ̀ wá.

ỌmọPópóỌba · Ọjọ́bọ̀, 7:45 àárọ̀

Ọ̀gá Onílé, bí ẹ bá ń gbé ti àwọ̀n kalẹ̀, ẹ bá mi fi ti bọ́ọ̀lù sí i. Wọ́n ti ṣe tán láti fọ ẹsẹ̀ wọn.

Akẹ́kọ̀ọ́Ìtàn · Ẹtì, 5:20 ìrọ̀lẹ́

Kí a má gbàgbé ìjọba o. Láti ọdún 2011 ni Èkó ti ní iléeṣẹ́ tó ń rí sí páàkì àti ọgbà, LASPARK. Ẹ wo Freedom Park ní Broad Street: ẹ̀wọ̀n òyìnbó ni tẹ́lẹ̀, ọdún 2010 ni wọ́n sọ ọ́ di ibi tí èèyàn ń lọ gbọ́ orin. Bí a bá lè sọ ẹ̀wọ̀n di páàkì, mi ò rí ìdí tí kò fi yẹ kí Ẹ̀pẹ́ ní pápá kan tó dára létí ọ̀sà tí ẹnikẹ́ni ò ní mọ fẹ́ǹsì sí. A óò fi Ọ̀gá Onílé sílẹ̀ nígbà náà, kó máa wo jangirọ́fà rẹ̀.

OníléOdòmọlà · Àìkú, 8:50 alẹ́

Ìpàdé ti parí. Wákàtí mẹ́ta. Ẹnì kan fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá mi létí.

Ohun tí wọ́n gbà: àwọn apẹja lè wọlé wá tún àwọ̀n ṣe láti aago mẹ́fà sí mẹ́wàá àárọ̀, Ajé títí dé Ẹtì. Ẹnu gééti ni wọ́n máa gbà, kì í ṣe láti orí omi. Wọ́n á kọ orúkọ sínú ìwé sìkiọ́rítì. Ẹja ò gbọ́dọ̀ jẹ́ títà nínú páàkì. Ọdún kan ni wọ́n máa fi dán an wò.

Ti bọ́ọ̀lù, wọn ò gbà. Wọ́n ní gíláàsì mọ́tò. Mo bá wọn jà, mi ò borí. Àǹtí olùkọ́, ẹ má bínú.

ỌmọPópóỌba · Àìkú, 9:05 alẹ́

Ẹ ṣeun, ẹ gbìyànjú. Màá sọ fún wọn pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀.

Awakọ̀Ìtòìkín · Àìkú, 9:11 alẹ́

Kí wọ́n gbé àwọ̀n gba ẹnu gééti, nígbà tí ọkọ̀ wà lórí omi? Ta ló máa rù ú yí gbogbo ẹ́sítéètì po?

ÌyáẸlẹ́ja · Ọjọ́rú, 7:20 alẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀gá Onílé, Ọlọ́run á dá yín lóhùn, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọkọ mi ní òun ò lè kọ orúkọ òun sílẹ̀ kí òun tó débi tí bàbá òun ń so ọkọ̀ mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Àbíkẹ́yìn wa ló lọ lánàá, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọ́n ru àwọ̀n lórí láti ojú títì. Wọ́n rí ibi nà án sí. Ó ní koríko ibẹ̀ tutù, ó ní àwọ̀n gbẹ dáadáa kí aago mẹ́wàá tó lù.

Sìkiọ́rítì náà bọ̀wọ̀ fún un. Ó bi í ní orúkọ, ó kọ ọ́. Níwájú orúkọ ọmọ mi nínú ìwé yẹn, ojú ìlà kan wà tí wọ́n ti ń kọ irú ẹni tó wọlé. Ó ya fọ́tò rẹ̀ wá fún mi. “Àlejò” ni wọ́n kọ síbẹ̀.